Kí Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Pátápátá Lè Rí I: Bí A Ṣe Ń Ṣe Síláìdì Tí Ojú Kì Í Kúrò Lára Rẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo síláìdì yìí." Ó fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó kan sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bo kòkó àti bí a ṣe ń sá a. Mo wò ó. Ó kún fọ́fọ́ bí ọkọ̀ ọjọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kàn bá a tún àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ ṣe, mo gbowó mi. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bẹ̀ mí kí n wá bá òun so projector, ẹ̀rọ tó ń tan síláìdì, ìyẹn ojú ewé tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà, sójú ògiri. Mo sì lọ. Ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí àwọn àgbà, ó ń ka ohun tó kọ láti òkè délẹ̀. Ó dé síláìdì kẹta, bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, ṣé ká máa kà á ni, àbí ká máa gbọ́ ẹ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo fi ń ṣe síláìdì láti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ojú ń kà àti ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́ máa ń du ọ̀nà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń kàwé sínú sì máa ń yára ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ: kí ẹ tó ka ìlà kejì tán, ó ti ka gbogbo rẹ̀ parí, fóònù rẹ̀ ló kù tó máa wò. Àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè máa wo àwòrán kó sì máa gbọ́ àlàyé rẹ̀, èkíní ò ní dí èkejì lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí ẹnu lè sọ, ẹ jẹ́ kí ẹnu sọ ọ́. Ohun tí ẹnu ò lè sọ kó yéni, bí àwọ̀, ìrísí, bí nǹkan ṣe tóbi tó, bí iye kan ṣe ga ju òmíràn lọ, òun ni kó bọ́ sára ògiri.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìwé àti bírò ni, ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà

Ẹ mú abala ìwé kan. Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn mú lọ sílé sókè rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ "Ìtọ́jú kòkó lẹ́yìn ìkórè". Àkọlé nìyẹn, kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó fẹ́ sọ gan-an ni pé, "Kòkó tí ẹ ò bò tó ni àwọn tó ń rà á fi ń dín owó yín kù." Ẹ rí i pé èkejì yìí mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ wá ká abala mìíràn po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tú u, ẹ ó bá àpótí mẹ́jọ lójú rẹ̀. Àpótí kan, síláìdì kan. Ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ kí ojú rí sínú rẹ̀, kódà kó rí bí àwòrán ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn kan kọ ohun tí síláìdì náà ń wí. Bí "àti" bá ti yọjú láàrin gbólóhùn náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síláìdì méjì lẹ kó sínú àpótí kan. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan yà rárá, ẹ bi ara yín bóyá ibẹ̀ nílò síláìdì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò nílò rẹ̀, ẹnu yín ti tó.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé síláìdì mélòó ló yẹ. Guy Kawasaki, oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan tí ẹnu ò kúrò lára rẹ̀: síláìdì 10, ìṣẹ́jú 20, lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò kéré sí 30. Mo fara mọ́ 30 yẹn tọkàntọkàn. 10 yẹn ni mi ò kà sí. Àwọn tó ń wá owó ìdókòwò lọ́dọ̀ olówó ló dìídì ń bá wí, gbogbo wa kọ́ là ń wá owó. Síláìdì 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé àwòrán kan, tó sì ń kọjá lójú wẹ́rẹ́, sàn ju mẹ́wàá tó kún fún ọ̀rọ̀ lọ.

Bí síláìdì kan ṣe di márùn-ún

Síláìdì tí bàbá yẹn dá dúró rí báyìí: àkọlé gàgàrà lókè, ìlà mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ tí àmì róbótó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán igi kòkó kékeré kan ní igun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì, torí ẹgbẹ́ mìíràn tún ti pè é. Mi ò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A tú u palẹ̀.

Èkíní di àwòrán hóró kòkó méjì tí a fi ọ̀bẹ là lóòró. Ọ̀kan ní àwọ̀ ṣokoléètì, inú rẹ̀ là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èkejì rí bí sílétì, ó dì gbagidi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: "Èwo lẹ máa rà?" Kò sí àkọlé, kò sí orúkọ olùbánisọ̀rọ̀, kò sí déètì. Àgbẹ̀ tó bá rí i ti mọ ìdáhùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. A ò sì hùmọ̀ rẹ̀ lásán, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń yẹ kòkó wò ṣe máa ń ṣe é: wọ́n á la 300 hóró, wọ́n á ka èyí tó bu, wọ́n á ka èyí tó rí bí sílétì.

Èkejì: òkìtì kòkó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú "Ọjọ́ 6" tó tóbi rẹpẹtẹ. Ẹnu rẹ̀ ló máa sọ pé márùn-ún sí méje la sábà ń lò, àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta: ọwọ́ méjì tó ń yí kòkó lábẹ́ ewé, "Ọjọ́ méjì-méjì". Ẹ̀kẹrin: kòkó tí wọ́n sá sójú títì ọlọ́dà, ìlà pupa kan gba orí rẹ̀ kọjá. A ò kọ nǹkan kan sí i, kò sí ẹni tí kò ní yé.

Ẹ̀karùn-ún ló fa àríyànjiyàn. Ó fẹ́ kọ 7% gàdàgbà, ìyẹn omi tó yẹ kó kù nínú kòkó tó gbẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo bi í pé kí ni bàbá àgbẹ̀ máa fi 7% wọ̀n nínú oko? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, kòkó tó gbẹ máa ń dún téèyàn bá fún un mọ́ ọwọ́." Mo ní síláìdì nìyẹn. A sọ ẹ̀karùn-ún di dúdú pátápátá, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé kejì, ó bu kòkó gbígbẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó bu èyí tí kò gbẹ lọ́wọ́ òsì, ó sún mọ́ àwọn èèyàn, ó fún un. Wàràwàrà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, kẹ́kẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde kí wọ́n lè gbọ́. Nínú márààrún, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ló dára jù.

Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ṣe síláìdì dúdú sílẹ̀, ẹ tẹ lẹ́tà B nígbà tí PowerPoint, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe síláìdì, bá ń fi síláìdì hàn, ojú ògiri á ṣú. Ẹ tún un tẹ̀, á padà. W ń sọ ọ́ di funfun.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má gba àpótí tó bá gbé fún yín

Ọdún 1987 ni PowerPoint jáde fún Macintosh, ọdún náà ni Microsoft sì ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. (Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ má wá ìtumọ̀ sí i, mo kàn fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀ ni.) Bí ẹ bá ti ní kó fún yín ní síláìdì tuntun, á gbé àpótí àkọlé kalẹ̀, á gbé àpótí ìlà-ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpótí tó ṣófo sì dà bí agbè tó ṣófo, ọwọ́ èèyàn á máa yún un láti rọ nǹkan sí i. Ẹ lọ sí "Layout", ẹ mú "Blank". Ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu ohun tó máa wọlé.

Kí ẹ tó gbé nǹkan kan sí i, ẹ béèrè irú projector tó wà níbi tí ẹ ń lọ. Èyí tó pẹ́ díẹ̀ máa ń jẹ́ 4:3, ìyẹn ni pé bó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga ní mẹ́ta; síláìdì tuntun sì jẹ́ 16:9, ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé 16:9 lé 4:3, ìlà dúdú á gba òkè àti ìsàlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ yín á sún kì. "Slide Size" lábẹ́ "Design" lẹ ti máa yí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn

Síláìdì PowerPoint ga ní íǹṣì 7.5, ìyẹn point 540 (point ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn lẹ́tà). Bí aṣọ projector bá ga ní mítà kan ààbọ̀, lẹ́tà 12 kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ lójú rẹ̀, tòun ti àmì orí àti ìrù ìsàlẹ̀. Lẹ́tà 30 á gba bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fi mítà 12 jìnnà sí i.

Ẹ lè dán an wò nínú yàrá yín. Mítà 12 jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ gíga aṣọ yẹn. Ojú laptop oní-íǹṣì 15.6 ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ bíi mítà kan ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí síláìdì kún ojú laptop, ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan ààbọ̀, ẹ wá kà á. Ohun tí ẹ ò bá lè kà láti ibẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ò ní lè kà á. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ohun mìíràn tí mo kọ́ níbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ: gèlè. Níbi tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn bá tẹ́jú, tí kò sí pèpéle, orí àti gèlè àwọn tó wà níwájú á bo ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ síláìdì mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn lójú. Ẹ má kó ọ̀rọ̀ pàtàkì síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo fèrèsé kí ẹ tó mú àwọ̀

Projector kò ní àwọ̀ dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú jáde. Ibi tí ẹ bá kùn ní dúdú, ńṣe ló kàn fi í sílẹ̀ láìtan iná sí i, dúdú tí àwọn èèyàn sì ń rí níbẹ̀ ni àwọ̀ ògiri fúnra rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí oòrùn aago mọ́kànlá ń gba ojú lúfà wọlé, tí kò sí kọ́tìnnì, "dúdú" yín máa di eérú, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ọsàn tó dára lójú laptop á rì sínú rẹ̀. Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nílùú wa. Ẹ lo ilẹ̀ funfun tàbí èyí tó rí bí àwọ̀ ògì, kí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ṣú dáadáa. Ilẹ̀ dúdú dára níbi tí ẹ bá ti lè fi kọ́tìnnì dí ìmọ́lẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ńlá lẹ fẹ́ lò.

Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí. Ẹni tó bá ti rí ilẹ̀ àpáàdì tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ á rántí bí wọ́n ṣe to àfọ́kù ìkòkò lóòró-lóòró, tí wọ́n wá fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun pààlà sí i láwọn ibì kan kí ọnà rẹ̀ lè yọ. Àwọ̀ ilẹ̀ kan, àwọ̀ kan tó yàtọ̀ sí i gbangba, ó parí. Èmi ń fi àwọ̀ kan ṣe ilẹ̀, kan ṣe ọ̀rọ̀, mo sì ń fi ẹ̀kẹta pamọ́ fún ohun tí mo bá fẹ́ nàka sí nìkan.

Ẹ tún rántí pé àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé. Bí pupa bá jẹ́ "rárá", tí àwọ̀ ewé jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ fi àmì tàbí ọ̀rọ̀ kún un. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ya síláìdì náà ní fọ́tò, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú-òun-funfun lórí fóònù. Ohun tó bá pòórá níbẹ̀, àwọ̀ nìkan ló gbé e ró.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá sí i

Àwọn tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà báyìí ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ èyí, torí kò kàn wọ́n. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà jọ ń lò, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà á kọ lẹ́tà náà ná kó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Font (irú ìrísí lẹ́tà) tí kò mọ iṣẹ́ yìí á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó gbé àpótí òfìfo jáde. Noto Sans, Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá láti tẹnu mọ́ ọn. Ìlà náà á gbé àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ mì. Ẹ jẹ́ kó nípọn, tàbí kí ẹ lo àwọ̀ kẹta yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìlà ọ̀rọ̀ fẹ̀ síra wọn díẹ̀, bíi 1.2 níbi "Line Spacing", kí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ má baà gún àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè. Àwọn kan á ní ṣé dandan ni àmì ohùn ni. Ẹ kọ "igba" sójú ògiri láìfi àmì sí i, ẹni kan á kà á sí nọ́ńbà, ẹnì kan á kà á sí àkókò, ẹlòmíràn á rí igbá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń rò ó, wọn ò gbọ́ yín.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ lọ sí "Options", lẹ́yìn náà "Save", ẹ fọwọ́ sí "Embed fonts in the file". Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí síláìdì tó dára lórí laptop oníṣẹ́ di wúruwùru lórí ti àwọn tó ni gbọ̀ngàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwòrán kan, kó tóbi

Ẹ ronú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta tó ga ju mítà 5 lọ. Bí ẹ bá fi fọ́tò rẹ̀ sí igun síláìdì pẹ̀lú fọ́tò mẹ́ta mìíràn, ó ti di igi ìṣáná. Síláìdì fẹ̀, ọ̀pá ga: ẹ jẹ́ kí fọ́tò náà gba apá ọ̀tún láti òkè délẹ̀, kí apá òsì ṣófo fún ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún. Bí ẹ bá rí fọ́tò tí èèyàn dúró ti ọ̀pá náà, òun ni kí ẹ lò. Èèyàn yẹn ni ìwọ̀n.

Fọ́tò tó bá máa kún síláìdì yẹ kó fẹ̀ tó píksẹ́lì 1920 (píksẹ́lì ni àwọn ẹ̀yọ tín-tìn-tín tó para pọ̀ di fọ́tò), kó ga tó 1080. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán ti sábà máa ń pàdánù lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi "Document". Mo ti rí i tí ẹnì kan na fọ́tò ère orí kan tí wọ́n fi idẹ ṣe ní Ifẹ̀, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó fi kún ojú ògiri: àwọn ilà tín-ín-rín tó wà lójú ère náà, tí ó tìtorí rẹ̀ gbé e wá, ti pòórá, ó ku ẹrẹ̀. Bí ẹ bá ń fà á gùn, igun ni kí ẹ dì mú, kí ojú ère má baà fẹ̀ bí àwo.

Ìgbésẹ̀ 7: Nọ́ńbà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra difẹ́ǹsì ló ń jẹ iyán yìí níṣu. Wọ́n á gbé àtẹ tó ní òpó mẹ́jọ àti ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti inú Word, wọ́n á ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò lè rí èyí dáadáa, sà." Kí ló dé tí ẹ wá gbé e síwájú wọn? Àtẹ náà wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn olùdánwò. Ẹ mú ìlà kan tó gbé àbájáde iṣẹ́ yín, ẹ fi ojú ewé tí ìyókù wà hàn wọ́n.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ fi hàn pé owó tí wọ́n pamọ́ lọ́dún yìí ju ti ọdún mẹ́rin tó ṣáájú lọ. Ẹ ya òpó márùn-ún, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí gíga rẹ̀ jẹ́ iye owó ọdún náà. Ẹ pa àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn òpó rẹ́, ẹ pa àpótí àlàyé àwọ̀ rẹ́, ẹ kọ iye sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ mẹ́rin di àwọ̀ eérú, kí ti ọdún yìí nìkan ní àwọ̀. Lókè, dípò "Owó àfipamọ́ láti ọdún sí ọdún", ẹ kọ "Ọdún yìí la pamọ́ jù". Òpó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 90, 100 á ga ní ìlọ́po méjì 95, irọ́ lẹ sì fi òpó pa yẹn. Àwòrán róbótó tí wọ́n gé bí àkàrà òyìnbó, tí wọ́n tún dà á dọ̀bálẹ̀ kó lè ní ìjìnlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀: ègé tó wà níwájú á máa tóbi lójú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó ń fò wọlé, tó ń yí bírí, tó ń dún fìì: rárá. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni kí nǹkan yọ sójú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń débẹ̀, láìsí ijó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ tètè dé. Ẹ gbé síláìdì kan sókè, ẹ lọ jókòó sórí àga tó kángun sẹ́yìn. Ẹ mú wáyà HDMI dání, kí ẹ sì ní èyí tó ń yí i sí VGA, ojú ìwọlé tó wà lára àwọn projector àtijọ́. Ẹ fi PDF iṣẹ́ náà sínú flash àti sínú fóònù, torí PDF kì í da font rú. Bátìrì laptop kún, àmọ́ ọ̀pọ̀ projector kò ní bátìrì. Nítorí náà, ẹ ya àwòrán mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù sórí páálí ńlá pẹ̀lú máákà. Iná lọ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ́wọ́ ní ìpàdé kejì, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ ó ti sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀, páálí ló gbé e kọjá.

Ẹ lo "Presenter View" kí síláìdì wà níwájú yín lórí laptop, kí ẹ má baà kẹ̀yìn sí èèyàn. Kí ẹ tó tẹ síláìdì tó kàn, ẹ ti máa sọ ọ̀rọ̀ tó máa mú un wá. Nígbà tó bá yọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ojú wọn kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀, kó tó kan etí.

Bí ẹ bá parí, tí projector náà bá jẹ́ oníná gílóòbù, ẹ pa á láti ara bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí fáànù inú rẹ̀ yí títí á fi dúró kí ẹ tó yọ wáyà lára ògiri. Gílóòbù rẹ̀ wọ́n.